Òórùn Inú Àgbá

Ìyàwó tu omi náà dà sílẹ̀ lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ lójijì, omi já ṣàà sórí símẹ́ńtì ilé ìdáná, ó sì ta sí Màmá lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má bínú." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Kò ṣe é gbé mì ni. Ó ń rùn."

"Kí ló ń rùn?"

"Omi yìí náà ni."

Màmá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ imú, ó fa èémí wọlé dáadáa. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán láì mí. Omi ni. Ó tutù, ó mọ́ gaara.

"Omi rèé," ó ní. "Omi lásán. Kí lo fẹ́ kí n ṣe sí i? Kí n fi oyin sí i?"

Ìyàwó fẹ̀yìn ti ògiri. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ètè rẹ̀ sì ti bó bí ọ̀dà ara ògiri àtijọ́. Lánàá, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn aláboyún fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, awọ náà lọ́ra kó tó padà sí àyè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní omi ò tó lára rẹ̀, pé bí kò bá mu omi, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa dá a dúró sí. Nígbà tó délé, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá kejì. Kì í ṣe pé ó yọ́ gbọ́. Ògiri ilé náà ló fẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ọkọ̀ bọ̀ lónìí ní ìrọ̀lẹ́. Ilé ìyá tó bí ìyàwó ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí yóò fi bímọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí Màmá sùn dáadáa. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá, ibi tó jìnnà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ọjọ́ tó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màámi, mo fi í lé yín lọ́wọ́." Bí ìyàwó bá wá kẹ́rù jáde, kí ni Màmá máa sọ fún un? Pé omi tó ṣe é mu ò sí nílé òun? Òun alágbàfọ̀, tó jẹ́ pé inú omi lòun ti darúgbó?

"Mo kà á lórí fóònù," ni Ìyàwó wí. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ ọ́ sójú pátákó. "Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, tó bá bá ìdọ̀tí pàdé, bí ewé tó ti rà, ó máa ń di nǹkan mìíràn. Nǹkan ọ̀hún ò dáa kéèyàn máa mu ún fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n tún dárúkọ aláboyún níbẹ̀. Mo rò pé ibi iṣẹ́ omi ni wọ́n ti ń rọ oògùn jù."

"Ó ń di kí ni?"

"Orúkọ rẹ̀ gùn, Màámi."

"Ohun tórúkọ rẹ̀ bá ti gùn, irọ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣé fóònù ló bí ọ ni?"

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé ó le jù. Ìyàwó mú àkísà, ó fẹ́ nu ilẹ̀. Màmá gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nu ún fúnra rẹ̀. Inú ń bí i, ojú ń tì í, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nǹkan mìíràn ti wà nílẹ̀ tó ń bí i nínú. Ìyàwó yìí kì í jẹ́ kó dáná ní ìrọ̀rùn. Tí Màmá bá gbé ìkòkò kaná, tó wá jókòó sẹ́yìn ilé, kò ní pẹ́ tí ìyàwó á fi sáré wọ ilé ìdáná bí ẹni tí oyin ń lé, á yí iná sílẹ̀, á ro ọbẹ̀, á sì padà sí yàrá láì sọ nǹkan kan. Ó ń ṣọ́ ọbẹ̀ mi, ni Màmá máa ń wí nínú ara rẹ̀. Ó rò pé mi ò mọ̀ ọ́n sè mọ́. Omi tún dé báyìí. Bóyá ọmọ yìí kàn fẹ́ máa lọ ni. Bóyá ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí òun lẹ́sẹ̀.

Ó gbé ìgò bílíìṣì, ó lọ sídìí àgbá.

Àgbá dúdú ńlá ni, ẹ̀yìn ilé ló wà, lábẹ́ igi kan tó ga ju òrùlé lọ. Omi ẹ̀rọ kì í fi gbogbo ìgbà wá ládùúgbò náà. Ọjọ́ tó bá wá, wọ́n á kún gbogbo ohun tó bá lè gba omi. Ìdérí àgbá ti sán, igi sì ń wọ́ ewé àti òdòdó rẹ̀ wẹẹrẹ gba ojú ibi tó sán. Màmá kó àwọn ewé tó léfòó. Èyí tó ti rì, ó fi sílẹ̀. Kí ni ewé fẹ́ ṣe fún omi?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn sí i. Màmá kì í fi ṣíbí wọn oògùn. Imú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ọ̀nà yìí hàn án: ṣíbí máa ń parọ́, ìgò náà máa ń parọ́, nítorí oògùn tó ti pẹ́ nílé kì í lágbára mọ́, imú nìkan ni kì í parọ́. Tó bá ta ọ́ nímú fín-ín, ó tó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn títí irun rẹ̀ fi funfun, tí wọn kò sì rí àbàwọ́n kan kí wọ́n pè é sí i.

Ó dà á, ó fi igi rò ó, ó tẹ imú wálẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan. Ó tún dà á. Ó rò ó, ó tẹrí ba.

"Oògùn ìsinsìnyí," ó kùn. "Omi lásán ni wọ́n ń rọ sígò fún èèyàn."

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàkíyèsí rẹ̀ pé oògùn ò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Ó dà á títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́ẹ̀, ó ti ń jí." Ó dé àgbá. Bí omi bá ń rùn lóòótọ́, oògùn tó gbà nìyẹn, kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó bu omi àgbá sínú ìgò kan, ó bu ti ẹ̀rọ ìkòríta, tó ń yọ omi lọ́jọ́ náà, sínú ìkejì, ó so ìborùn mọ́rí, ó jáde. Kí ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn tó dé, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe omi yìí.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Páìpù ló kọ́kọ́ yà sí. Òun ló ń tún ẹ̀rọ omi ṣe fún gbogbo àdúgbò, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo àdúgbò lọ. Ó jókòó láàárín àwọn páìpù rẹ̀, ó ń fi ayùn gé ọ̀kan.

"Màmá Alágbàfọ̀! Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé aṣọ mi ti gbẹ?"

"Aṣọ rẹ ò tíì gbẹ. Ṣé ọrùn ẹ̀wù lò ń fi ń nu páìpù ni? Gbọ́ mi. Ìyàwó ọmọ mi ní omi mi ń rùn."

Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó ti ń retí. "Ọ̀rọ̀ omi, Màmá, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n là yín lóye."

"Má là mí lóye. Sọ ohun tí mo máa ṣe."

"Ẹ sè é. Ẹ dé ìkòkò pa pinpin, kí ooru má jáde rárá, kó lè pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀."

"Ọmọ náà ní oògùn ló ń fa wàhálà, kì í ṣe kòkòrò."

"Háà, oògùn! Ìyẹn ò le. Ẹ ṣí i sílẹ̀ kó gba atẹ́gùn di ọjọ́ kejì. Oògùn á fò lọ."

"Tí oògùn bá fò lọ, kí ló máa pa kòkòrò?"

Ọ̀gá Páìpù họ orí. "Ẹ wá fi oògùn díẹ̀ sí i padà."

"Kí oògùn fò lọ, kí n tún lọ mú un padà wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ?"

"Màmá, èédú náà wà o! Èédú ni wọ́n ń fi sẹ́ omi báyìí. Ó máa ń gbé gbogbo ìdọ̀tí mì."

"Èédú. Kí n wá fi èédú fọ omi." Màmá ti kọ ẹ̀yìn sí i. "Aṣọ rẹ á gbẹ lọ́la. Máa gé páìpù rẹ."

Ó rò pé òun ń bínú sí ọkùnrin náà, àmọ́ bó ṣe ń rìn lọ, ó rí i pé ohun tó wà lọ́kàn òun kì í ṣe ìbínú. Ọ̀nà ló pọ̀ jù. Dé e pa. Ṣí i sílẹ̀. Yọ oògùn kúrò. Dá oògùn padà. Aṣọ kì í da èèyàn láàmú báyìí. Aṣọ dọ̀tí, o fọ̀ ọ́, ó mọ́.

Ilé iṣẹ́ omi wà lórí òkè, wọ́n sì kun ún ní àwọ̀ búlúù. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nawọ́ sí yàrá kan fún un, ó ní kó lọ bá obìnrin tó ń yẹ omi wò. Ọ̀dọ́ ni obìnrin náà. Ó wọ aṣọ funfun, Màmá sì ti rí i kó tó kí i pé wọn ò fọ ọrùn aṣọ náà re.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó, ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ̀ ń rọ oògùn sómi tí ìyàwó ọmọ mi ò fi lè mu omi mọ́. Aláboyún ni. Ẹ wá sọ fún mi bí mo ṣe máa yọ ọ́."

Obìnrin náà ò bínú. Ó gba ìgò méjèèjì. Ó bu omi ẹ̀rọ ìkòríta sínú ìgò tín-ín-rín kan, ó ju hóró oògùn kékeré kan tí wọ́n fi ń yẹ omi wò sí i, ó mì ín. Omi náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí èékánná ọmọdé.

"Oògùn tiwa nìyẹn. Ó wà níwọ̀n. Tó bá pọ̀ jù, pípọ́n rẹ̀ máa pọ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún omi àgbá. Omi náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà, lójú àwọn méjèèjì, pípọ́n náà parẹ́. Omi funfun nìkan ló kù nínú ìgò.

Màmá pàtẹ́wọ́. "O rí i? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Ọmọ yẹn kàn ń ṣe mí ni."

Àmọ́ obìnrin náà ti fajú ro. Ó gbé ìgò tí Màmá mú wá sún mọ́ imú, ó sì yára gbé e kúrò, ikọ́ gbà á.

"Màmá, kí lẹ dà sí omi yìí?"

"Oògùn."

Ó mú omi mìíràn tó mọ́, ó kán omi àgbá díẹ̀ sínú rẹ̀, ó wá ju hóró oògùn sí i. Omi náà pọ́n wẹ̀ẹ̀, kò sì ṣá. "Oògùn inú rẹ̀ ló pọ̀ débi pé ó bó àwọ̀ tó yẹ kó fi í hàn."

Ọ̀rọ̀ yìí yé Màmá. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ látàárọ̀, òun nìkan ló yé e. Ó ti rí aṣọ aláwọ̀ tó bọ́ sínú omi bílíìṣì, tó sì jáde láìní àwọ̀ kankan mọ́. Ó jókòó sórí àga tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ewé wà nínú àgbá yín?" ni obìnrin náà bi í.

"Igi ń wọ́wé sí i."

"Oògùn ń jẹ ewé yẹn, mà. Ohun tó sì jẹ ò parẹ́. Ó di nǹkan mìíràn tójú ò rí. Òun ni ìyàwó yín kà nípa rẹ̀. Níbí, a máa ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò ná, ká tó fi oògùn díẹ̀ sí i. Síbẹ̀ náà, nǹkan ọ̀hún máa ń wà díẹ̀; ẹ̀rọ kan wà tá a fi ń wọ̀n ọ́n kó má bàa pọ̀ jù."

Ohùn Màmá rẹlẹ̀. "Ṣé ó ti ṣe ọmọ inú rẹ̀ léṣe?"

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mímu ún fún ọdún gbọọrọ ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ti aláboyún, wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀. Àwọn kan ní ó lè ṣe nǹkan, àwọn kan ní kò dájú. Ṣùgbọ́n oògùn tó pọ̀ tó èyí, kò sẹ́ni tó yẹ kó mu ún. Àìmumi tún le ju gbogbo rẹ̀ lọ fún un."

"Nítorí náà, kí n má fi oògùn sómi mọ́."

"Ìyẹn náà ò dáa, Màmá. Omi tí kò bá ní oògùn rárá, kòkòrò inú rẹ̀ máa ń yára pani ju nǹkan yìí lọ."

"Oògùn dáa."

"Ó dáa."

"Kò sì dáa."

"Tó bá pọ̀ jù, tó sì bá ìdọ̀tí pàdé."

"Ọmọ mi, mi ò kàwé. Sọ ọ́ fún mi kó rí tààrà."

Obìnrin náà ronú, ó mi orí. "Kò rí tààrà, mà. Bó ṣe rí nìyẹn."

Màmá fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó fetí sílẹ̀ nígbà tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe: kí wọ́n da omi àgbá nù, kí wọ́n fọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ìdérí. Tí wọ́n bá fẹ́ se omi, kí wọ́n ṣí ìkòkò àti fèrèsé sílẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú nǹkan náà máa ń bá ooru jáde. Èyí tó dáa jù ni asẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, tó ní èédú nínú. Kì í ṣe èédú ìdáná o. Èyí tí wọ́n ṣe fún omi ni. Kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀, torí tó bá ti yó, kì í gba nǹkan mọ́.

"Báwo lẹ ṣe ń wọn oògùn tẹ́ ẹ̀ ń dà sí i?" ló wá bi í.

"Imú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Tó bá ta mí nímú, ó tó."

Obìnrin náà wo ìgò, ó wo Màmá. "Ẹ ò gbọ́ òórùn èyí?"

"Òórùn wo?"

Obìnrin náà lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ike oògùn kan, ó ṣí i, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀. "Ẹ rọra o. Ẹ má sún mọ́ ọn jù."

Màmá tẹ imú sí i. Ojú ta á, omi bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ yún un. Ó dúró de òórùn náà, òórùn tó mọ̀ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Kò dé.

"Ẹ gbọ́ ọ, mà?"

"Mo gbọ́ ọ," ni Màmá wí. Ó kó ìgò rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde.

Lójú ọ̀nà, ó ń dán an wò. Ó dúró níwájú ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, níbi tí àwọn èèyàn ti tò sí, ó mí wọlé títí àyà rẹ̀ fi kún. Atẹ́gùn gbígbóná ló wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń rọ epo sí, ẹni tó ń rọ ọ́ ní, "Màmá, ṣé kò sí?" Ó ní kò sí. Ó dé ibi ààtàn. Ọkùnrin kan ń kọjá, ó fi etí aṣọ dí imú, ó sì ń sáré. Màmá dúró síbẹ̀, ó ń wo eṣinṣin, ó ń mí.

Nǹkan kan ò sí.

Ìgbà wo? Ó wá a nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ojú a máa kọ́kọ́ ṣe bàìbàì, etí a máa kọ́kọ́ dún bí ẹni fọn fèrè, èèyàn á mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lọ láì dágbére, ta ló máa mọ ọjọ́ tó lọ? Gbogbo ìgbà tó ń bú àwọn tó ń ṣe bílíìṣì pé wọ́n ń bu omi lù ú. Aṣọ oníbàárà tó fà ya lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tó ní gbó ló gbó. Àti ìyàwó, tó ń sáré wọ ilé ìdáná.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lójú títì.

Ọbẹ̀ ń jóná ni. Gbogbo ìgbà yẹn, ọbẹ̀ ń jóná ni, tó sì jókòó sẹ́yìn ilé tó ń fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀.

Ó dé ilé, ó bọ́ ìborùn sílẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dojú àgbá dé. Omi ya lọ bí àgbàrá, ó gbá ewé lọ, ìyàwó sì sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí.

"Màámi! Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú."

"Jókòó síbẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó ki orí bọ inú àgbá. Ìdí rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, ewé tó ti rà nípọn níbẹ̀ bí ẹ̀kọ tó dì. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ní ibi iṣẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ kan bá da bílíìṣì sórí aṣọ tí wọn ò tíì fọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, ńṣe ló máa ń gbá a lọ́wọ́. Fọ̀ ọ́ ná! Fọ̀ ọ́ ná, kó o tó fún un ní oògùn! Ohun tí kò jẹ́ ṣe sí aṣọ àlejò ló ń ṣe sí omi ilé ara rẹ̀. Nínú àgbá, ohùn rẹ̀ ń dún padà sí i létí bó ṣe ń kùn, kò sì mọ ẹni tó ń bá wí.

Ó lọ pọn omi wá láti ìkòríta, ó gbé e kaná, ó ṣí ìkòkò sílẹ̀, ó sì ṣí fèrèsé méjèèjì. Ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti di í tán.

"Ẹ ò dé e, Màámi?"

"Ọmọ ibi iṣẹ́ omi ní kí n má dé e. Ó ní kí nǹkan yẹn bá ooru jáde. Nǹkan tórúkọ rẹ̀ gùn."

Ìyàwó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Nígbà tí omi hó, Màmá bu díẹ̀ sínú abọ́ kó tutù, ó sì ti inú rẹ̀ bu ife kan. Ọwọ́ rẹ̀ gbé e lọ sí imú fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ṣe máa ń ṣe. Ó dúró. Ọkọ̀ fọn fèrè níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n ti dé. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, àmọ́ bí ó bá wá mọ̀ ńkọ́, kí ló máa sọ? Ó na ife sí ìyàwó.

"Bá mi gbóòórùn rẹ̀."

"Kí ni, mà?"

"Mo ní bá mi gbóòórùn rẹ̀. Imú mi ti kú."

Ìyàwó wò ó. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tí Màmá rí lójú rẹ̀ nìyẹn, pé kò yà á lẹ́nu rárá.

"Mo mọ̀, Màámi."

"O mọ̀?"

"Mo rò pé ẹ̀yin náà mọ̀. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀ ni." Ó ń wo ilẹ̀. "Ta ni mo jẹ́ tí màá wá sọ fún ìyá ọkọ mi pé imú wọn ò gbọ́ nǹkan mọ́?"

"O jẹ́ kí n máa da oògùn sómi!"

"Oògùn? Ẹ̀yin lẹ̀ ń dà á?" Ìyàwó di ilẹ̀kùn mú. "Màámi, èmi ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí ibi iṣẹ́ omi!"

"Èmi náà ti lọ bú wọn lónìí."

Wọ́n wo ara wọn. Ìyàwó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú, Màmá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún níbì kan tí kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n yọjú láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó wo àwọn méjèèjì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé kò sí o? Mo ti dé."

"Bọ̀dá, ẹ wọlé," ni Ìyàwó wí. "Ẹ jókòó ná. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Ó gba ife. Ó gbé e sábẹ́ imú, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó wá mu díẹ̀, ó tún mu díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e mu tán. Ẹ̀gbọ́n wo báàgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wo àbúrò rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà.

Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé. Ooru omi ṣì ń kọjá lójú rẹ̀, ó ń jáde lọ. Kò tíì yé e tán, bí ohun kan náà ṣe lè máa gbani kó sì tún máa ṣeni léṣe, bí ẹni tó ń sá fún ọ ṣe lè jẹ́ ẹni tó ń bo àṣírí rẹ. Ó kàn ń ronú sí oṣù méjì sí i. Wọn á gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Gbogbo obìnrin ló máa ń tẹ imú sí orí ọmọ tuntun, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn. Òun náà á tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó gbìyànjú láti rántí bí orí ọmọ tirẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tó bí i. Ó rántí bó ṣe rọ̀. Ó rántí aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó rántí bó ṣe wúwo tó. Ó dijú, ó wá òórùn rẹ̀, ó wá a títí.

"Màámi," ni Ìyàwó pè é. "Ẹ bá mi bu ife kan sí i."

Ó dìde. Ó bu omi náà, ó nà án sí i lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì dúró, ó ń wo imú rẹ̀.